ỌYẸ́ LÓRÍ ÒKÈ MẸ́TA

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tí ó bá rìn jìnnà ni yóò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Èmi náà rìn jìnnà nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2025. N kò rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n mo rí ara mi. Ohun tí mo rí yìí ni mo fẹ́ rò fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin olùkọ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi. Bí ọ̀rọ̀ náà bá gùn díẹ̀, ẹ fi orí jì mí. Ẹni tí ó ti jẹ gbèsè ọ̀rọ̀ fún ọdún mẹ́ta kò lè fi gbólóhùn kan ṣoṣo san án tán.

Ọmọ Ìkòròdú ni mí. Ẹni tí ó bá mọ ìlú wa yóò mọ̀ pé omi ni Ọlọ́run fún wa, kò fún wa ní òkè. Bí ènìyàn bá dúró ní èbúté Ìpakodò, ọ̀sà ni yóò máa wò lọ títí ojú rẹ̀ kò fi ní í tó òpin rẹ̀ mọ́. Pípa ẹja, wíwa iyanrìn àti títu ọkọ̀ ojú omi ni ọ̀pọ̀ ará ilé wa fi ń jẹun. Òkè tí mo mọ̀ láti kékeré kò ju àtẹ̀gùn ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá àgbà lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ kíláàsì mi fi sọ mí ní Ọmọ Ọ̀sà.

Ọyẹ́ pàápàá kì í fi gbogbo agbára rẹ̀ hàn wá. Láti aṣálẹ̀ Sàhárà ni afẹ́fẹ́ yìí ti ń bọ̀, láàárín ìparí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ọdún. Ó ń gbé eruku lọ́wọ́ bọ̀, ó ń fa omi ara ewé àti ti ara ènìyàn gbẹ. Ètè a bẹ́, àtẹ́lẹsẹ̀ a sán. Ní òru, nígbà tí kò sí ìkùukùu tí yóò bo ilẹ̀ bí aṣọ, ooru ọ̀sán a fò lọ, òtútù a sì jókòó sí ipò rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ó tó dé etí ọ̀sà, ó ti rẹ̀ ẹ́. Atẹ́gùn omi a pàdé rẹ̀ lọ́nà, a sì rọ̀ ọ́ lójú. Òwúrọ̀ díẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n lára ní Ìkòròdú. Ní irú òwúrọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyá mi a ní kí n fi òrí pa ara, kí n wọ súwẹ́tà, kí n sì mu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ púpọ̀.

Ẹ óò ní kí ni ó dé tí ẹni tí ó ti lé ní ogún ọdún ṣì ń gba irú ìkìlọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀. Ọmọ méjì ni ìyá mi bí ṣáájú mi. Èkíní lo ọdún mẹ́rin láyé, èkejì kò pé ọdún méjì. Nígbà tí a bí mi, ìyá bàbá mi gbà mí lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó wò mí lójú títí, ó ní, "Málọmọ́ ni èyí yóò máa jẹ́." Orúkọ àbíkú ni, gẹ́gẹ́ bí gbogbo yín ti mọ̀, ẹ̀bẹ̀ ni, àṣẹ sì ni pẹ̀lú. N kò tíì pé ọmọ ọdún kan ààbọ̀ tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ mi fi wú, tí mo ń sunkún lọ́sàn-án lóru. Ilé ìwòsàn tí wọ́n gbé mi lọ ni wọ́n ti yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, tí wọ́n sì sọ fún àwọn òbí mi pé SS ni jínótáìpù mi.

Èdè wa ní orúkọ tí ó bá àrùn yìí mu rẹ́gí: fòníkú-fọ̀ladìde. Ẹni tí ó kú lónìí tí ó jí lọ́la ni alárùn náà. Ní ọdún 1910, oníṣègùn kan ní ìlú Chicago, James Herrick, kọ àkọsílẹ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wá láti Grenada wá kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn eyín. Ó ní dípò kí hóró ẹ̀jẹ̀ pupa rẹ̀ rí rìbìtì, ó tẹ̀ bí dòjé ni. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí nìyẹn. Hóró ẹ̀jẹ̀ ẹni tí ara rẹ̀ dá a máa lo nǹkan bí 120 ọjọ́. Tiwa kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Bí òtútù bá mú wa, àwọn ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà nínú ara a fún. Bí omi bá gbẹ lára wa, ẹ̀jẹ̀ a ki. Bí a bá fi agbára ṣiṣẹ́ títí èémí fi kúrú, hóró ẹ̀jẹ̀ a tẹ̀ bí dòjé, a há sí ojú ọ̀nà tóóró wọ̀nyí, egungun a sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Ẹ wá wò ó: òtútù, ọ̀gbẹlẹ̀ àti òkè gígùn. Gbogbo ohun tí a ní kí n sá fún ni mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn lọ bá.

Nǹkan tí ó fà á ni ìtìjú. Ní ilé ẹ̀kọ́ girama tí mo lọ, ẹnì kan tú àṣírí mi. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní àbíkú. Ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó kó ìwé rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, bí ẹni pé ohun tí ó wà lára mi lè ran òun. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ládùúgbò wa ń sọ pé, "Ta ni yóò fẹ́ èyí?" Nígbà tí mo wọ yunifásítì, mo pinnu pé ẹnikẹ́ni kò ní í mọ̀. Inú agolo mílíìkì ni mo ń kó oògùn mi sí. Bí ara bá ń ro mí, mo ní ibà ni. Fún ọdún mẹ́ta, ibà ni mo ń pè é.

Nígbà tí ó wá kan iṣẹ́ lítíréṣọ̀ alohùn wa, ọ̀gá wa ní a kò lè máa ka ìtàn ìlú nínú yàrá ìkàwé nìkan, bí ẹni ń ka orúkọ oúnjẹ láìjẹun. Wọ́n ní kí a lọ gba ìtàn sílẹ̀ lẹ́nu àwọn tí ó ni ín. Òkè mẹ́ta ni wọ́n yàn: Olúmọ ní Abẹ́òkúta, òkè Àdó-Àwáyé lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn, àti òkè Ìdànrè ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Wọ́n pín fọ́ọ̀mù fún wa. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí ó ní: ṣé o ní àìlera kankan? Mo kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé: "Rárá."

Ìyá mi kò mọ̀ pé òkè ni a ń lọ gùn. Mo ní ìwé ni a ń lọ kà ní Ìbàdàn. Irọ́ méjì ni mo fi di ẹrù mi.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin kíláàsì wa kò dẹ̀yìn lẹ́yìn mi láti ọjọ́ tí a ti gbéra. Bí ó ti rí mi tí mo wọ súwẹ́tà méjì lé ara wọn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ Ọ̀sà, ṣé ọyẹ́ yìí ni ò ń pè ní òtútù?" Ó fi àwòrán hàn wá nínú fóònù rẹ̀, àwòrán àwọn obìnrin tí wọ́n ṣojú Nàìjíríà níbi ìdíje Òlíńpíìkì ìgbà òtútù ní Pyeongchang, ní ilẹ̀ Kòríà, ní ọdún 2018: Seun Adigun, Ngozi Onwumere àti Akuoma Omeoga tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ eré ọkọ̀ orí yìnyín kan, àti Simidele Adeagbo tí ó da ojú bolẹ̀ lórí tirẹ̀. Ó ní ní Beijing ní ọdún 2022, Samuel Ikpefan ni ó fi pátákó wọ́ lórí yìnyín fún wa. "Àwọn wọ̀nyẹn ń sáré lórí yìnyín, ìwọ ń gbọ̀n nítorí eruku!" Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ni mo fi bọ́ súwẹ́tà kan kúrò lára.

Olúmọ kò ṣe mí ní nǹkan kan. Gíga rẹ̀ jẹ́ 137 mítà sí ojú òkun, àtẹ̀gùn tí wọ́n fi sẹ́ǹtì ṣe wà níbẹ̀, ẹ̀rọ agbéniròkè sì wà pẹ̀lú. Wọ́n fi ihò àpáta hàn wá, níbi tí àwọn Ẹ̀gbá fi orí pamọ́ sí lásìkò ogun. Ní nǹkan bí ọdún 1830 ni wọ́n tẹ Abẹ́òkúta dó, Ṣódẹkẹ́ sì ni aṣáájú wọn. Mo fi ọwọ́ kan ihò tí wọ́n ń lọ ata sí lórí àpáta. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn ìyá tí ń sá fún ogun náà ṣì ráyè lọ ata. Inú mi dùn. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, mo wí fún ara mi pé, "O rí i? Kò sí ohun tí ó ṣe ọ́."

Ní ọjọ́ kejì a dé Àdó-Àwáyé. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, kí oòrùn má baà ká wa mọ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọyẹ́ gidi. Àwọn igi ìdí òkè kò hàn mọ́, eruku funfun ti bò wọ́n bí ìgbà tí a da èlùbọ́ sí ojú ọjọ́. Imú mi gbẹ, àyà mi ń ta mí. Àtẹ̀gùn pọ̀, àwọn ibi kan sì wà tí a fi ọwọ́ di àpáta mú. Lókè téńté ni adágún omi Ìyákẹ̀ wà, omi tí ó jókòó sórí òkè bí ẹni tí a gbé sórí àga. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn obìnrin tí ń wá ọmọ a máa wá síbẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀. Mo dúró létí omi náà, mo rántí ìyá mi. Ọmọ kì í ṣe ìṣòro fún ìyá mi láti bí. Kí ọmọ dúró ni ó le. Ní òru ọjọ́ náà eékún bẹ̀rẹ̀ sí í ro mí. Mo mu oògùn lábẹ́ aṣọ ìbora kí ẹni tí a jọ sùn má baà rí i. N kò mu omi tó, nítorí n kò fẹ́ kí wọ́n máa dá ọkọ̀ dúró nítorí mi.

Ọjọ́ kẹta ni a fi rìn lọ sí Àkúrẹ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, a dé ìdí òkè Ìdànrè. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ ju 600 lọ. Òtútù náà wọ inú egungun. Àwọn tí ó ti rí yìnyín nílùú òyìnbó lè fi wá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ara tí ó ti mọ́ oòrùn lára láti ìgbà tí a ti bí i kì í bèèrè iye ìwọ̀n òtútù kí ó tó gbọ̀n.

A kọ́kọ́ ń kọrin. Ní ibi ìsinmi kìíní tí wọ́n kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn, mo ti dákẹ́ orin. Nígbà tí ó ṣe, ìrora kan já wọ itan mi bí ìgbà tí a fi irin gbígbóná gún un. Ẹni tí ó wà lẹ́yìn mi ní, "Kí ló dé?" Mo ní bàtà ni ó ń ta mí lẹ́sẹ̀. Mo tún gun àtẹ̀gùn bíi mẹ́wàá. Ó mú mi lẹ́yìn, ó mú mi láyà. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, n kò lè dìde mọ́. Ọ̀gá wa yí padà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. "Kí ló ń ṣe ọ́, ọmọ mi?"

Ẹnu mi ti mọ ohun tí yóò sọ. "Ibà ni, sà." Mo ti sọ ọ́ títí ó fi di bárakú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn: bí mo bá tún pè é ní ibà, oògùn ibà ni wọn yóò fún mi, wọn yóò sì ní kí n sinmi díẹ̀ kí a máa gùn lọ. Èmi ni yóò kú sórí irọ́ náà, kì í ṣe ẹlòmíràn. Mo ní, "Ẹ jọ̀wọ́, sà, SS ni mí. Ìrora rẹ̀ ni ó dé yìí. Ẹ gbé mi sọ̀ kalẹ̀."

Gbogbo wọn dákẹ́. Mo ń retí kí ẹnì kan sún sẹ́yìn. Ọmọkùnrin tí ó ti ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ láti Ìkòròdú ni ó kọ́kọ́ mira. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó fi wé ẹsẹ̀ mi. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. "Ó yá, gùn mí." Bí ó ti ń gbé mi lọ, mo gbọ́ tí ó ń sọ pé, "Èmi ni mo ní kí o bọ́ súwẹ́tà." N kò dá a lóhùn. Mo ń sunkún.

Bàbá àgbàlagbà ará Ìdànrè tí ń fi ọ̀nà hàn wá bá wa sọ̀ kalẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú pé mo ba iṣẹ́ wọn jẹ́. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, orí òkè yìí ni àwọn baba wa gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1923. Ààfin Ọwá ṣì wà lókè níbẹ̀, kóòtù àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Gbogbo ìlú ni ó sọ̀ kalẹ̀. Ta ni ó pè wá ní ojo?"

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fa omi sí mi lára, wọ́n gún mi ní abẹ́rẹ́ ìrora, wọ́n sì fi aṣọ tí ó nípọn bò mí. Ọjọ́ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Dókítà sọ pé bí mo bá tún gun òkè náà fún wákàtí kan sí i, ọ̀rọ̀ ì bá yàtọ̀. Àwọn tí ó kù parí iṣẹ́ lókè, wọ́n sì wá kí mi. Wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ Agbóógun lórí àpáta, èyí tí wọ́n ní ó ń gba ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn àfi ti àjẹ́. Wọ́n ní tiwọn wọ̀ ọ́. Mo ní kí Ọlọ́run ṣeun, nítorí mo ti ń fura sí ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n kó ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lé mi lọ́wọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo ti dà á kọ sínú ìwé, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Ìpín tèmi nínú iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ìyá mi ti Ìkòròdú wá. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbínú wọn. Wọn kò bínú. Wọ́n jókòó, wọ́n ń fi òrí ra mí lẹ́sẹ̀, wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Málọmọ́, èmi ni mo kọ́ ọ láti fi pamọ́. Nígbà tí o wà ní kékeré, mo ní kí o má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé mo ń dáàbò bò ọ́ ni." Mo ní, "Ẹ̀yin kọ́, mààmi. Èmi ni mo kọ 'Rárá'." A jọ sunkún, a sì jọ jẹ ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹ̀yin akẹ́gbẹ́ mi, a máa ń ka ọ̀rọ̀ àbíkú nínú kíláàsì. A ka ewì tí Wole Soyinka àti J. P. Clark kọ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí rẹ̀, a ń ka àwọn orúkọ bíi Dúrójayé, Kòsọ́kọ́ àti Bánjókòó, a sì ń wo bí wọ́n ti ń fi ọgbọ́n inú èdè bẹ ọmọ kí ó dúró. Àwọn onímọ̀ kan ti sọ pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àrùn yìí ni ó pa wọ́n. Mo gbà bẹ́ẹ̀. N kò fi orúkọ mi ṣòfò nítorí rẹ̀. Ìyá àgbà kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní, wọ́n sì fún mi ní èyí tí ó dára jù lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ní ẹ̀rọ náà lónìí kò ní àwáwí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní orílẹ̀-èdè wa ni ó jẹ́ AS. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, oyún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ní, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ náà jẹ́ SS. Bàbá àti ìyá mi kò mọ̀ kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó.

Lẹ́yìn tí a padà dé, àwọn mẹ́fà nínú kíláàsì wa lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò. Ọmọkùnrin tí ó gbé mi sọ̀ kalẹ̀ wà lára wọn. AS ni òun. Ọmọbìnrin tí ó ń fẹ́ láti ọdún méjì, AS ni òun náà. Kò tíì sọ ohun tí wọn yóò ṣe, n kò sì bi í. Ó kàn wá jókòó tì mí ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó ní, "Ọmọ Ọ̀sà, báwo ni ìrora yẹn ti rí gan-an?" Mo sọ fún un. N kò fi ohunkóhun pamọ́.

Mo ti sọ fún àwọn tí a jọ ń gbé yàrá pẹ̀lú. Oògùn mi ti kúrò nínú agolo mílíìkì, orí tábìlì ni ó wà báyìí. Nígbà tí ọyẹ́ tún dé, àwọn ni wọ́n ń pariwo pé kí n wọ súwẹ́tà, kí n mu omi. N kò rò pé n óò tún gun òkè Ìdànrè. Ohun tí ó wà lókè rẹ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ó débẹ̀, mo sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ bá wà ní irú ipò tí mo wà, bí wọ́n bá tún gbé fọ́ọ̀mù síwájú yín, ẹ kọ òtítọ́ síbẹ̀. Àpáta lè dúró nínú ọyẹ́ láti ọdún dé ọdún. Ara kì í ṣe òkúta.